Ẹja Onírùngbọ̀n Nínú Dígí: Ìtọ́jú Wọn àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Bí Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ tí mo mú tọ̀ yín wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti sàká, kì í sì í ṣe ti ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ ẹja ni. Kì í ṣe ẹja tí a ń sè lọ́bẹ̀ o. Àwọn ẹja kéékèèké tí a ń sìn sínú àpótí dígí nínú ilé, tí tọmọdé tàgbà ń jókòó wò, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Bí ẹnìkan bá ń bèèrè pé kí ló kan ará mọ́ṣáláṣí kan ẹja, kí ó ní sùúrù fún mi. Bí ó bá kà á dé ìsàlẹ̀, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ mi obìnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, ka Àlùkùránì parí ní ilé-kéwú wa ní Òkè-Àró. Inú mi dùn, mo sì bi í pé kí ni ó fẹ́ kí n fi ta á lọ́rẹ. Ó ní ẹja inú dígí ni òun fẹ́, irú èyí tí òun rí nígbà tí a lọ kí àwọn ẹbí wa ní Èkó. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé, "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n sìn. Ohun tí ó bá ní ẹ̀mí kì í ṣe ohun tí a ń kánjú rà." Èmi kò gbọ́. Mo lọ, mo ra àpótí dígí, mo ra ẹja aláràbarà mẹ́ta. Ẹni tí ó tà wọ́n fún mi fi ẹja dúdú kékeré kan kún un, ó ní bí yóò ṣe kéré mọ nìyẹn, àti pé òun ni yóò máa gbálẹ̀ inú omi fún àwọn yòókù.

Ẹ̀yin ará mi, ọmọ àrọ̀ ni. Kò pé oṣù méjì tí ó fi dàgbà ju gbogbo wọn lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ti ìrun Àsùbáà dé, mo bá ọmọ náà tí ó dúró níwájú dígí, kò sọ̀rọ̀. Ẹja mẹ́ta kò sí mọ́. Àrọ̀ nìkan ni ó sùn sísàlẹ̀, ikùn rẹ̀ yọ rọ̀bọ̀tọ̀. Ọmọ náà bi mí pé, "Bàbá mi, ṣé ẹja yìí dẹ́ṣẹ̀ ni?" Mo ní rárá, pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ó tún bi mí pé, "Ta ni ó wá dẹ́ṣẹ̀?" N kò rí èsì fọ̀. A gbé àrọ̀ náà fún aládùúgbò wa kan tí ó ní adágún ẹja lẹ́yìnkùlé, àpótí dígí sì wà lófìfo. Ìbéèrè ọmọ náà ni ó mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ohun tí ó yẹ kí n ti kọ́ kí n tó náwó.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WÍ

Àwọn kan lè rò pé eré lásán ni kí Mùsùlùmí máa sin ẹja tí kò ní jẹ. Ẹ rántí ìtàn Abu Umayr, àbúrò Anas ọmọ Malik. Ọmọdé ni, ó ní ẹyẹ kékeré kan tí ó fi ń ṣeré. Nígbà tí ẹyẹ náà kú tí ọmọ náà ń banújẹ́, Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, bá a ṣe àwàdà, ó sì bèèrè ẹyẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bá a wí nítorí pé ó ń sin ẹyẹ. Láti inú ìtàn yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti sọ pé kò sí aburú nínú kí a sin ẹyẹ nínú ilé bí a bá ń bọ́ ọ tí a sì ń tọ́jú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí èkejì pẹ̀lú, ìtàn obìnrin tí ó ti ológbò mọ́lé, tí kò fún un lóúnjẹ, tí kò sì jẹ́ kí ó jáde lọ wá oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ìyà iná ni obìnrin náà fi jẹ. Ẹja inú dígí kò lè jáde lọ síbì kankan. Omi tí a fún un ni yóò mí sínú, oúnjẹ tí a fún un ni yóò jẹ. Ohun ìfọkàntán ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ ràn án fún ọmọ rẹ̀, kí ó mọ̀ pé ẹrù ni ó gbé lé ara rẹ̀ lórí.

ÌDÍLÉ ONÍRÙNGBỌ̀N

Gbogbo ẹja tí irùngbọ̀n wà lẹ́nu wọn, tí wọn kò sì ní ìpẹ́ bí ẹja mìíràn, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Àrọ̀ wà nínú wọn, òbòkún wà nínú wọn. Irùngbọ̀n yìí ni wọ́n fi ń tọ́ nǹkan wò, tí wọ́n fi ń wá oúnjẹ kiri nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀ omi. Àwọn ọmọ ilé-kéwú wa ní ẹja àáfà ni.

Nínú àwọn odò ilẹ̀ wa, a ní àwọn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Synodontis, tí àwọn ará òkè òkun fẹ́ràn láti máa sìn. Ọ̀kan nínú wọn, Synodontis batensoda, tí ó wà nínú odò Ọya àti nínú odò Náílì, a máa dojú ikùn sókè bí ó bá ń wẹ̀. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti ya irú ẹja adojúkùnsókè yìí sára ògiri ibojì wọn. Ọ̀kan tún wà nínú adágún Tanganyika, Synodontis multipunctatus, tí kì í tọ́ ọmọ tirẹ̀. Yóò yé ẹyin rẹ̀ mọ́ ti ẹja mìíràn tí ń fi ẹnu gbé ẹyin; ìyá ẹlẹ́yin yóò gbé ọmọ ọlọ́mọ sẹ́nu, ọmọ ọlọ́mọ yóò sì jẹ àwọn ọmọ onílé.

Àwọn tí ó rọrùn jù fún ilé wa ni Corydoras, tí wọ́n wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ wọn kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 lọ, àwọn mìíràn kò tó 3. Wọn kì í ja ìjà, wọn kì í jẹ ẹja ẹgbẹ́ wọn tí ó ti dàgbà. Egungun pẹlẹbẹ tò sí wọn lára bí páànù òrùlé. Charles Darwin kó ọ̀kan nínú wọn nígbà ìrìnàjò rẹ̀ lórí ọkọ̀ Beagle, wọ́n sì kọ nípa ẹja náà sínú ìwé ní ọdún 1842. Nígbà tí ó di ọdún 1878, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Carbonnier mú kí irú ẹja yìí kan náà bí nínú àpótí ní ìlú Paris. Láti ọdún 2024 ni àwọn onímọ̀ ti pín ìdílé Corydoras sí orúkọ púpọ̀, nítorí náà bí ẹ bá rí orúkọ mìíràn lára ẹja kan náà, kí ó má yà yín lẹ́nu.

Èkejì tí mo lè yìn fún yín ni Ancistrus, tí akọ rẹ̀ ní ẹ̀gún rírọ̀ lójú bí igbó. Òun a máa lẹ̀ mọ́ dígí láti jẹ ewé tútù tí ó hù sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní pleco. Yóò kéré bí ìka lọ́jà, bí ó bá sì dàgbà, ó lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Kò sí àpótí ilé tí ó gbà á.

ÀPÓTÍ ÀTI OMI RẸ̀

Ẹ má ṣe ra Corydoras kan ṣoṣo. Ẹja ìjọ ni, bí ó bá dá wà, ẹ̀rù yóò máa bà á. Mẹ́fà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àpótí tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí ó fẹ̀ ní 30, tí omi rẹ̀ sì ga ní 30 yóò gbà wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye omi tí ó gbà, ẹ fi gígùn lọ́nà fífẹ̀ lọ́nà gíga, ẹ pín in sí 1,000. 60 lọ́nà 30 lọ́nà 30 jẹ́ 54,000. Nítorí náà lítà 54 ni. Ó lé díẹ̀ ní kéègì 25 lítà méjì. Omi nìkan yóò wúwo tó kílò 54, nítorí náà kì í ṣe orí tábìlì ẹlẹgẹ́ ni a ń gbé e kà.

Yanrìn kíkúnná ni kí ẹ dà sísàlẹ̀, kí ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Òkúta ṣóńṣó a máa gé irùngbọ̀n wọn. Bí ẹ bá ń fọ àpótí, ẹ má fi ọṣẹ kàn án.

Ohun tí ó ń pa ẹja àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jù ni ìkánjú. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja máa ń di oró nínú omi. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ni Ọlọ́run dá láti sọ oró náà di ohun tí kò le mọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó nínú àpótí tuntun. Inú fóòmù tí ẹ̀rọ ń fa omi gbà kọjá ni wọ́n ń gbé. Nítorí náà, ẹ pọn omi sí àpótí, ẹ tan ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ máa ju oúnjẹ ẹja bín-ń-tín sí i, kí ẹ sì dúró. Bí ẹ bá rí ẹni tí ẹja rẹ̀ kò ṣàìsàn, ẹ tọrọ fóòmù tí ó ti lò lọ́wọ́ rẹ̀, yóò dín ìdúró yín kù. Bí fóòmù bá dọ̀tí, inú omi tí ẹ bù láti inú àpótí ni kí ẹ ti fún un. Omi ẹ̀rọ tí ó ní kílórínì yóò pa àwọn kòkòrò náà.

Lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, ẹ máa bu ìdá mẹ́rin omi kan jáde, kí ẹ fi omi tuntun rọ́pò rẹ̀. Nínú lítà 54, bí lítà 13 nìyẹn. Bí omi ẹ̀rọ bá ní kílórínì, ẹ pọn ọ́n sínú bàsíà tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24 ó kéré tán. Èyí tí ẹ bù jáde kì í ṣe ohun ìdànù, nítorí pé àpà kò dára nínú ẹ̀sìn wa. Ẹ dà á sí ìdí ẹ̀fọ́ tàbí ìdí ata, ẹ ó rí i bí yóò ti gbá yọ.

ÒRU, INÁ ÀTI OÒGÙN Ẹ̀FỌN

Àwọn ìwé òyìnbó a máa sọ pé kí a ra ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná. Ní agbègbè wa, ooru ni ìṣòro, kì í ṣe òtútù. Ìwọ̀n ooru 22 sí 26 ni ó bá ọ̀pọ̀ Corydoras lára mu. Èyí tí ń jẹ́ sterbai fara da ooru ju àwọn yòókù lọ, òun ni mo sì fi tọrọ fún ilé tí kò tutù. Ẹ gbé àpótí sí ibi tí oòrùn kò ti ń wọlé, tí ó jìnnà sí ilé ìdáná àti èéfín jẹnẹrétọ̀. Ẹ má sì gbé e síwájú ibi tí ẹ ti ń kírun, kí ọkàn má bàa kúrò lára ìrun.

Bí iná bá lọ, ọ̀pọ̀ ẹja nínú dígí a máa kú nítorí pé atẹ́gùn tán nínú omi. Níbí ni onírùngbọ̀n wa ti sàn ju àwọn mìíràn. Corydoras a máa sáré sókè, a gbé atẹ́gùn mì, ìfun rẹ̀ yóò sì fa èyí tí ó dára nínú rẹ̀. Àrọ̀ náà ń mí atẹ́gùn, ẹ̀yà ara mìíràn ni òun fi ń mí in. Nítorí ìdí èyí, ẹ má bu omi kún àpótí dé ẹnu; ẹ fi àyè ìka mẹ́rin sílẹ̀ lókè, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì bò ó kí wọ́n má bàa fò jáde. Síbẹ̀, ẹ má tìtorí èyí fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ atẹ́gùn kékeré tí ń lo bátìrì, nítorí pé fóòmù tí omi kò gbà kọjá fún wákàtí púpọ̀, àwọn kòkòrò inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí kú.

Ẹ̀yin ìyá ilé, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: oògùn tí a ń fín fún ẹ̀fọn àti aáyán a máa pa ẹja kíákíá. Bí ẹ óò bá fín yàrá, ẹ pa ẹ̀rọ atẹ́gùn, ẹ fi aṣọ tàbí ọ̀rá bo àpótí pátápátá, kí ẹ sì ṣí fèrèsé títí oògùn yóò fi lọ kí ẹ tó ṣí i.

OÚNJẸ

Wọ́n máa ń sọ pé onírùngbọ̀n ni ó ń jẹ ìdọ̀tí àwọn ẹja yòókù. Irọ́ ni. Ẹja kì í jẹ ìgbẹ́ yó. Oúnjẹ tí ń rì sísàlẹ̀ ni kí ẹ fún wọn, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ìwọ̀nba tí wọn yóò jẹ tán ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn tanwíjí púpọ̀. Ancistrus yóò jẹ kùkúńbà àti ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ ní ṣókí. Bí oúnjẹ bá ṣẹ́ kù, ẹ kó o jáde. Oúnjẹ tí ó bàjẹ́ ni ikú wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ kó wọn, ife ni kí ẹ lò. Ẹ̀gún wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn àti lẹ́yìn wọn, a máa há mọ́ nẹ́ẹ̀tì, a sì máa gún ọmọdé lọ́wọ́.

BÍ WỌ́N ṢE Ń BÍ

Àrọ̀ kì í sábàá yé ẹyin fúnra rẹ̀ nínú adágún tí a fi sìmẹ́ǹtì mọ. Abẹ́rẹ́ ni àwọn tí ń pa ọmọ àrọ̀ ń fún un. Ẹyin rẹ̀ sì lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Corydoras kò bẹ̀ wá níṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ó ń dúró de òjò. Nínú odò tirẹ̀, bí òjò bá rọ̀ tí omi tútù ya wọlé, ìgbà náà ni ó mọ̀ pé oúnjẹ yóò wà fún ọmọ. Nítorí náà, ẹ bọ́ wọn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ fi omi tí ó tutù díẹ̀ ju ti inú àpótí lọ ṣe ìpààrọ̀. Abo ni ó máa ń tóbi, tí ikùn rẹ̀ fẹ̀ bí a bá wò ó láti òkè.

Abo yóò mú ẹyin díẹ̀ sí àárín lẹbẹ ikùn rẹ̀, yóò sì lọ lẹ̀ wọ́n mọ́ dígí tàbí ewé. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe títí yóò fi tán. Bí wọ́n bá ti parí, àwọn òbí náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹyin wọn. Ẹ rọra fi ìka tàbí káàdì líle ká ẹyin kúrò, kí ẹ kó o sínú abọ́ mìíràn tí ó ní omi àpótí kan náà, kí ẹ ki ẹ̀rọ atẹ́gùn kékeré bọ̀ ọ́. Èyí tí ó bá funfun bí òwú ti bàjẹ́. Ẹ yọ ọ́ kí ó má bàa ran àwọn yòókù.

Ohun kan wà tí àwọn olùsin ẹja kárí ayé ń fowó rà, tí ó sì ń já sílẹ̀ lásán ní iwájú ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí wa: ewé igi furúùtù tí ó ti gbẹ. Ẹ fọ ọ̀kan, ẹ fi sínú omi ẹyin. Omi yóò pọ́n bíi tíì, ó sì ń dín èébu tí ń mú ẹyin kù.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ẹyin yóò pa. Fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ọmọ náà kò ní nílò oúnjẹ, nítorí pé oúnjẹ wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ ẹja tí a lọ̀ kúnná bí àtíkè, díẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, kí a sì máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ti Ancistrus yàtọ̀, ó sì yẹ kí àwa bàbá gbọ́ ọ. Abo yóò yé ẹyin sínú ihò, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Akọ ni yóò dúró tì í, tí yóò máa fi lẹbẹ fẹ́ ẹ lójú tọ̀sán-tòru, tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn títí ọmọ yóò fi lè lọ fúnra rẹ̀.

OWÓ ÀTI ODÒ

Bí ẹ bá rí ọmọ ẹja tọ́ dàgbà, ẹ lè tà á fún àwọn tí ń ta ẹja ọ̀ṣọ́. Obìnrin tí ó wà nílé pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́ lè rí owó ọṣẹ àti owó ìwé ọmọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní tan yín jẹ: àwọn tí ń rà á kò pọ̀ bí àwọn tí ń ra àrọ̀ fún ọbẹ̀. Ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ fi òwò yín sílẹ̀. Bí ẹ bá sì ń tà, ẹ sọ òtítọ́ fún ẹni tí ń rà, bí ẹja náà yóò ṣe tóbi tó àti ohun tí yóò máa jẹ. Irọ́ kékeré tí wọ́n pa fún mi ni ó gba ẹ̀mí ẹja mẹ́ta.

Bí ó bá sú yín, ẹ má da ẹja àjèjì sínú odò tàbí gọ́tà. Wọ́n rò pé àánú ni, kì í ṣe àánú. Pleco tí àwọn ènìyàn dà sódò ní Mẹ́síkò, ní Florida ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ní Bangladesh ti bí sí i títí ó fi di ìyọnu fún àwọn apẹja ibẹ̀. Ẹ wá ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín.

ÈSÌ ÌBÉÈRÈ ỌMỌ NÁÀ

Ó lé ní ọdún kan tí àpótí wa fi wà lófìfo. Nígbà tí a tún ra ẹja, èmi àti ìyá rẹ̀ jọ lọ ni, òun ni ó sì ń bi olùtajà ní ìbéèrè. Corydoras mẹ́fà ni a rà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, wọ́n yé ẹyin. Ọmọ náà ka ẹyin 43. Iná lọ ní alẹ́ náà, bátìrì ẹ̀rọ wa sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun àti ìyá rẹ̀ fi ife rọra ń bu omi inú abọ́ sókè, wọ́n ń dà á padà, kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́, títí tí mo fi pe ìrun Àsùbáà. Nínú 43, 26 ni ó pa. Nínú 26, 11 ni ó dàgbà.

Nígbà tí mo ń yọ̀ pé a rí 11, ó ń ka àwọn tí ó kú. Mo pè é jókòó, mo sì dá a lóhùn ìbéèrè ìjelòó. Mo ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo jẹ̀bi ẹja mẹ́ta yẹn, nítorí pé n kò bèèrè, n kò sì gba ìmọ̀ràn ìyá rẹ. Ti àwọn wọ̀nyí, ìwọ ti sa agbára rẹ, ìyókù ti Ọlọ́run ni." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun ti gbọ́, ó sì dìde lọ fún wọn lóúnjẹ.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí ó bá kọ́ láti rántí ẹja tí kò lè ké pé ebi ń pa òun, kò ní ṣòro fún un láti rántí ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ ogbó. Nítorí èyí ni mo fi kọ̀wé yìí. Bí ẹ óò bá ra ẹja, ẹ kọ́kọ́ bèèrè, ẹ kọ́kọ́ tún omi ṣe, ẹ sì fetí sí ìyàwó yín. Kí Ọlọ́run bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.